Ibi Tí Ọwọ́ Mítà Ò Dé

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1986, ẹ́ńjìnì Alàájì Tàjúdéènì bẹ̀rẹ̀ sí í mí.

Ẹni tó bá ti dúró ní ibi ìlagi rí yóò mọ̀ pé ẹ́ńjìnì tó ń yí ayùn gbọ́dọ̀ ní ìró kan ṣoṣo, láti ìgbà tí wọ́n bá ti tan án títí wọn yóò fi pa á. Ti Alàájì yìí, ní ẹ̀yìn Ìjẹ̀bú-Òde lójú ọ̀nà Ìmùṣin, kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Yóò fa èémí sínú fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ìró rẹ̀ á ga, ayùn á máa sáré bí ohun tí wọ́n ń lé. Yóò tún mí jáde, ìró á wálẹ̀, ayùn á máa sunkún nínú igi. Láàárín méjèèjì, yóò dákẹ́ sí ipò rẹ̀ gan-an, bí ẹ́ńjìnì tí kò ní ẹ̀sùn kankan lọ́rùn. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ máa ń nawọ́ sí. Wọ́n á ní, "Ẹ ò rí i? Ó ti gbọ́ràn."

Wíìlì irin ńlá kan wà lára ẹ́ńjìnì náà tó ga dé àyà ọkùnrin. Níwájú wíìlì yìí, ní ọ̀gangan ibi tí irin yóò gbà bó bá já, ni ọ̀pá ìtigi wà. Ibẹ̀ ni Kọ́lápọ̀ Fádípẹ̀ máa ń dúró láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, tí yóò máa ti gẹdú sẹ́nu ayùn. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti fi dúró síbẹ̀. Oyún inú ìyàwó rẹ̀ ti pé oṣù méje. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ tó lè bi léèrè ohun tó ń já a láyà, ìyẹn àbúrò rẹ̀, Ìbítáyọ̀.

Ìbítáyọ̀ gboyè nínú ìṣirò ní Ìbàdàn, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Odògbolú. Ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Bó bá wọ takisí, nọ́ńbà ara mọ́tò tó wà níwájú ni yóò máa pín wẹ́wẹ́ títí yóò fi sọ̀ kalẹ̀. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ tí àlọ́ kan sì wà nílẹ̀, oúnjẹ náà yóò tutù. Àléébù rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: bó bá ti rí ibi tí àlọ́ ti já, kì í dúró wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó ti fò lọ sórí òmíràn.

"Ìbí, ọkàn mi ò balẹ̀ sí ẹ́ńjìnì wa," ni Kọ́lápọ̀ sọ fún un ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. "Bàbá Sàlàkọ́ tó ń tọ́jú rẹ̀ ní kò sí nǹkan, pé bó bá sáré tán yóò padà sí ipò rẹ̀. Òótọ́ ni, ó ń padà. Àmọ́ èmi ni mò ń dúró síwájú wíìlì yẹn. Àwọn igi kéékèèké là ń là látìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀, kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ lórí ọ̀kan, a ó sì pa ẹ́ńjìnì. Igi ọ̀gànwó ńlá kan ń bẹ nílẹ̀ tí a fẹ́ là ní ọjọ́ Ajé. Ìyẹn lè gbà ju wákàtí kan lọ, bẹ́ẹ̀ ni a kì í pa ẹ́ńjìnì nígbà tí ayùn bá ṣì wà nínú igi."

"Nítorí kí ni?"

"Igi á di ayùn mú. Ayùn á ká bí ewé. Kò sí alágẹdú tó jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Torí náà, wá bá mi wò ó. Bí o bá ní kí n má dúró níbẹ̀, n kò ní dúró. Bí o bá ní kí n dúró, mo gbà."

Ìbítáyọ̀ rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ ti ń dùn. Ẹni tí wọ́n gbé àlọ́ fún kì í tètè rí i pé ẹ̀mí ènìyàn ló wà nínú rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó dé ibi ìlagi pẹ̀lú ìwé àjákọ kan àti aago ọwọ́ rẹ̀. Bàbá Sàlàkọ́, arúgbó tínrín kan tí òróró ẹ́ńjìnì ti wọ inú èékánná rẹ̀ tí kò lè jáde mọ́, wò ó láti òkè délẹ̀.

"Háà, dókítà ẹ́ńjìnì dé. Ṣé ẹ mú abẹ́rẹ́ wá?"

"Mo mú un wá, Bàbá. Ẹ̀yin la ó kọ́kọ́ gún."

Alàájì Tàjúdéènì bú sẹ́rìn-ín níbi tó jókòó sí lórí pákó. Ó jẹ́ ọkùnrin sísanra, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ la igi fún ogún ọdún kó tó ní ẹ́ńjìnì tirẹ̀. Kò wọ ilé ìwé rí. "Ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ o," ó ní. "Ẹni tó mọ̀wé ti dé, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́."

Ìbítáyọ̀ béèrè bí wọ́n ṣe ń mọ bí ẹ́ńjìnì ṣe ń sáré. Bàbá Sàlàkọ́ fi mítà kan hàn án lára ògiri, tó ní ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Bí nǹkan bá wà ní ipò rẹ̀, ọwọ́ náà yóò dúró lórí ẹgbẹ̀ta, ìyẹn iye ìgbà tí wíìlì ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Wọ́n gbé igi kékeré kan sẹ́nu ayùn. Ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, Bàbá Sàlàkọ́ á pe iye tí ọwọ́ mítà fi kọjá ẹgbẹ̀ta tàbí tó fi dín sí i, Ìbítáyọ̀ á kọ ọ́.

"Ó fi mẹ́wàá lé."

"Mẹ́wàá náà ni."

"Ó fi ọ̀kan dín."

"Méjìlá ló fi dín."

"Mọ́kànlá ló fi dín."

"Ó fi méjì lé. Ó ti ń padà sí ipò rẹ̀, mo sọ fún yín."

"Ó tó, Bàbá," ni Ìbítáyọ̀ kígbe.

"Ó tó bí i ti báwo? Ẹ ò ní jẹ́ kí igi yìí jáde?"

Ìbítáyọ̀ kò gbọ́ ọ mọ́. Ó ti rí okùn tó so àwọn nọ́ńbà náà pọ̀. Mú ti ìṣẹ́jú tó kọjá, kí o yọ ti ìṣẹ́jú tó ṣáájú rẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ lórí. Ohun tó bá kù ni ti ìṣẹ́jú tó ń bọ̀. Mẹ́wàá, kí a yọ mọ́kànlá: ọ̀kan ló fi dín. Ọ̀kan tó fi dín, kí a tún yọ mọ́kànlá: méjìlá ló fi dín. Ẹ́ńjìnì kò ṣe ìfẹ́ inú rẹ̀ rárá. Òfin kan ló ń tẹ̀lé, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń ka ìṣísẹ̀ ara rẹ̀.

Ó mú ẹfun tí wọ́n fi ń sàmì sára pákó, ó sì kọjú sí ògiri. Ohun tó ń wá kò ju nọ́ńbà kan lọ: iye tí wàhálà yìí fi ń sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Bí nọ́ńbà náà bá ju ọ̀kan lọ, wàhálà ń tóbi. Bí kò bá tó ọ̀kan, ó ń kú lọ. Ó to ìṣirò náà, ó ń sọ̀rọ̀ sínú, ẹfun ń ta sí i lójú. Nígbà tó dé ibi àmì gbòǹgbò, ohun tó bọ́ sábẹ́ rẹ̀ jẹ́ òdì: mẹ́ta àti ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá, ní òdì.

Ó sinmi ọwọ́.

Nọ́ńbà wo la lè fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ tí yóò fún wa ní òdì? Mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta, mẹ́sàn-án. Òdì mẹ́ta lọ́nà òdì mẹ́ta, mẹ́sàn-án náà ni. Gbogbo sáà yẹn ló ti fi ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin pé bí ẹ bá ti bá òdì lábẹ́ gbòǹgbò, ẹ kọ "Kò sí ìdáhùn", ẹ fa ìlà sí i nídìí, ẹ bọ́ sórí ìbéèrè tó kàn. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn lára. Ó kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri: KÒ SÍ ÌDÁHÙN. Ó fa ìlà sí i nídìí.

"Kí ló wí?" ni Alàájì béèrè.

"Alàájì, mò ń wá nọ́ńbà tó lè mú kí ìmí yìí máa pọ̀ sí i. N kò rí i. Kò sí."

"Kò sí?"

"Kò sí, sà."

Alàájì dìde. Ó rìn lọ síwájú ògiri náà, ó sì wo ohun tí kò lè kà yẹn pẹ́ títí, bí ẹni tó ń wo ojú ọmọ tuntun. "Alhamdulilahi," ó ní. "Ọ̀rọ̀ ẹnu lè yẹ̀, àmọ́ èyí tí a bá ti kọ sílẹ̀ ti kọ́lé. Kí ẹnikẹ́ni má pa á rẹ́ o! Kọ́lápọ̀, o gbọ́ àbúrò rẹ. Ọjọ́ Ajé, aago mọ́kànlá, ọ̀gànwó."

"Mo gbọ́, Alàájì," ni Kọ́lápọ̀ wí. Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Ó dá ọ lójú?"

"Bọ̀ọ̀dá mi, ìṣirò ni. Kì í ṣe àdúrà."

Bàbá Sàlàkọ́ nìkan ló ṣì dúró ti ẹ́ńjìnì. Ó ń fi àkísà nu ọwọ́, ó ń wo mítà.

Ọjọ́ Ajé dé. Ní àsìkò ìsinmi, nǹkan bí aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, Ìbítáyọ̀ jókòó ní yàrá àwọn olùkọ́, ó ń ṣètò àlọ́ mìíràn fún ara rẹ̀. Rose, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì, ọmọ Ìbẹ̀fún tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ, fa ìwé àjákọ náà yọ lábẹ́ apá rẹ̀.

"Kí ni o tún ń bá jà? 'Kò sí ìdáhùn.' Kí ni kò ní ìdáhùn, ọ̀gbẹ́ni?"

Ìbítáyọ̀ ròyìn fún un tìgbéraga-tìgbéraga, láti orí ẹ́ńjìnì dé orí ọ̀gànwó. Rose gbọ́ ọ tán, ó sì tún wo nọ́ńbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

"Ó dáa. Ẹ́ńjìnì yìí ń lọ, ó ń bọ̀, àbí kò lọ kò bọ̀?"

"Ó ń lọ, ó ń bọ̀."

"Ta ló wá ń mì ín? Ohun tí kò sí?"

Ìbítáyọ̀ gba ìwé àjákọ náà padà, ó tún wò ó.

Rose mú ìdì kọ́kọ́rọ́ yàrá físíìsì tó so mọ́ okùn, ó fà á lọ sí ẹnu ọ̀nà níbi tí oòrùn ti ń ta sórí sìmẹ́ńtì. Ó ń fi okùn náà yí kọ́kọ́rọ́ lókè lódò, bí wíìlì kẹ̀kẹ́. "Má wo kọ́kọ́rọ́. Òjìji rẹ̀ nílẹ̀ nìkan ni kí o máa wò. Kí lo rí?"

"Ó ń lọ síwájú, ó ń bọ̀ sẹ́yìn. Lójú ìlà kan."

"Nígbà tí òjìji bá dé àárín, ṣé kọ́kọ́rọ́ ti dúró nìyẹn?"

Ìbítáyọ̀ gbójú sókè. Òjìji wà ní àárín gbùngbùn. Kọ́kọ́rọ́ wà lókè téńté, ó ń sáré.

"Rárá," ó ní. Ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Wàyí o." Rose tú okùn díẹ̀ sílẹ̀ bí kọ́kọ́rọ́ ti ń yí, ó tún tú díẹ̀ sí i. Òjìji ń jìnnà sí i níwájú, ó ń jìnnà sí i lẹ́yìn, síbẹ̀ kò ṣàìgba àárín kọjá ní gbogbo ìgbà, jẹ́ẹ́, bí ẹni pé kò sí nǹkan.

Gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ Ìbítáyọ̀ ní Ìbàdàn dìde lọ́kàn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn nọ́ńbà gidi, èyí tí a fi ń ka ọmọ àti ẹrù, ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn wà, bí ọ̀nà tó ti Ṣàgámù wá sí Ìjẹ̀bú-Òde. Bí o bá sọ nǹkan di púpọ̀ ní òdì ọ̀kan, o yí ẹ̀yìn padà lójú ọ̀nà nìyẹn. Ìgbésẹ̀ wo ni a lè gbé lẹ́ẹ̀mejì tí yóò yí ni padà? Kí a kọjú sí igbó. Kí a tún yí lẹ́ẹ̀kan sí i, a ti kọ ẹ̀yìn sí ibi tí à ń lọ. Gbòǹgbò òdì nìyẹn. Lóòótọ́, kò sí lójú ọ̀nà. Inú igbó ló wà. Ọ̀nà wà nínú ilẹ̀, àmọ́ gbogbo ilẹ̀ kọ́ ni ọ̀nà. Nọ́ńbà tó ń wá lára ògiri ní apá méjì, apá gidi àti apá tí a fi inú rò, ó sì jẹ́ pé òjìji rẹ̀ nìkan ni ọwọ́ mítà ń fi hàn. Ìgbà tí mítà bá dákẹ́ lórí ẹgbẹ̀ta, tí wọ́n ń sọ pé ó ti gbọ́ràn, ìgbà náà ni ohun tó ń yí ẹ́ńjìnì lórí wà nínú igbó pátápátá, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò tó o.

"Báwo ló ṣe jìnnà tó?" ni Rose béèrè wẹ́lẹ́.

Irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ kì í dá wá. Méjì ni wọ́n máa ń jẹ́, ọ̀kan nínú igbó ọwọ́ ọ̀tún, èkejì nínú igbó ọwọ́ òsì, bákan náà ni wọ́n jìnnà sí ọ̀nà. Bí a bá fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀, igbó á parẹ́, a ó padà sójú ọ̀nà pẹ̀lú nọ́ńbà gidi kan lọ́wọ́. Nọ́ńbà yẹn ni yóò sọ bí wọ́n ṣe tóbi tó. Ìbítáyọ̀ kò nílò ìwé. Ó ti wà nínú òfin tí òun fúnra rẹ̀ rí: ọ̀kan àti ìdá kan nínú mẹ́wàá.

"Ó ju ọ̀kan lọ," ó ní.

Kò padà wọlé mú ẹ̀wù. Ó sáré dé ibi tí takisí ń dúró sí. Pijó kan wà níbẹ̀, èrò méjì ló ti wọ̀ ọ́. Ó bẹ dírẹ́bà pé kó máa lọ. Dírẹ́bà ní, "Tíṣà, ẹ fara balẹ̀. Bí ó bá kún, ó kún nìyẹn." Ìbítáyọ̀ jókòó sẹ́yìn, ó ń ka ìṣẹ́jú láti aago mọ́kànlá tí wọ́n ti tan ẹ́ńjìnì. Ó mọ ohun tí òfin náà ń ṣe ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ó ń ṣe é nínú orí rẹ̀ bí wọ́n ti ń dúró de ìyá oníṣu kan tó ń bá alábàárù jiyàn. Ìṣẹ́jú ogún: ó ti ń fi nǹkan bí ogún ó lé lọ, ogún ó lé bọ̀. Ìṣẹ́jú ọgbọ̀n: ó ti ń lé ní ogójì. Nígbà tí mọ́tò wá gbéra, ojú ọ̀nà ń dán gbinrin níwájú wọn, ó gùn, ó tẹ́jú, igbó sì dúró lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ìbítáyọ̀ kò lè wò ó.

Ìṣẹ́jú kẹrìndínláàádọ́ta ló wọ ibi ìlagi. Ọ̀gànwó náà dùbúlẹ̀ lórí ayùn bí ẹja àbùùbùtán, ayùn ti jẹ ẹ́ kọjá ìdajì. Kọ́lápọ̀ wà lẹ́nu ọ̀pá, òógùn bò ó. Ìró ẹ́ńjìnì dọ́gba. Ó tutù. Ọwọ́ mítà wà lórí ẹgbẹ̀ta gẹ́lẹ́.

"Ẹ wo Tíṣà!" ni Alàájì pè. "O wá wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Ó yọ wá lẹ́nu díẹ̀, ṣùgbọ́n wò ó báyìí, ó ti sùn."

"Alàájì, kò sùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Bọ̀ọ̀dá mi kúrò níbẹ̀. Mo ṣe àṣìṣe. Ìdáhùn wà. Bàbá, mélòó ló wà ní ìṣẹ́jú tó kọjá?"

Bàbá Sàlàkọ́ gbé ojú rẹ̀ wá, ojú náà ti fúnpọ̀. "Ọgọ́rin ló fi dín. N kò rí irú rẹ̀ rí."

"Ní ìṣẹ́jú kan sí ìsinsìnyí, yóò fi méjìdínláàádọ́rùn-ún lé. Ní ìkejì, iye kan náà. Ní ìkẹta, yóò fi mẹ́sàn-án dín, ẹ ó tún sọ pé ó ti sùn. Ní ìkẹrin, yóò fi ọgọ́rùn-ún ó lé díẹ̀ dín."

"Ṣé o ti di woṣẹ́woṣẹ́ ni?" ni Alàájì wí, àmọ́ ẹ̀rín rẹ̀ kò dénú.

Ẹ́ńjìnì fa èémí sínú. Pákó tó wà nílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Bàbá Sàlàkọ́ pe nọ́ńbà náà: "Nǹkan bí àádọ́rùn-ún ló fi lé." Ó tún pè é. Ó tún pè é. Ní ìkẹrin, ayùn fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró nínú igi, ìró rẹ̀ bí ti ẹran tí ọrùn rẹ̀ há. "Márùn-ún lé lọ́gọ́rùn-ún ló fi dín."

"Ní ìṣẹ́jú mẹ́ta sí i, mẹ́rìndínláàádóje ni yóò fi lé," ni Ìbítáyọ̀ wí. "Ní ìṣẹ́jú mẹ́fà lẹ́yìn ìyẹn, márùndínlọ́gọ́sàn-án. Bàbá, mélòó ni wíìlì yẹn lè gbà?"

Bàbá Sàlàkọ́ yíjú sí wíìlì. Alàájì wò ó. "Sàlàkọ́, ọmọ ń bá ọ sọ̀rọ̀."

"Apá wíìlì kan sán lọ́dún tó kọjá," ni arúgbó náà wí níkẹyìn. "A jó o pọ̀. N kò lè búra fún un ju àádọ́jọ lọ."

"Bọ̀ọ̀dá mi!" Ìbítáyọ̀ ti dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá. "Kúrò níbẹ̀."

Kọ́lápọ̀ kò gbé ọwọ́ kúrò. "Ìbí, ní ọjọ́ Àbámẹ́ta o ní kò sí. Ó dá ọ lójú. Lónìí o ní ó wà, ó tún dá ọ lójú. Èwo ni kí n mú?"

"Mú èyí tí o bá rí. Bí kò bá fi mẹ́rìndínláàádóje lé, má gbà mí gbọ́ mọ́ láéláé."

Ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn gùn ju ọdún mẹ́ta lọ. Ìró ṣì wà nísàlẹ̀, ó dé àárín jẹ́ẹ́, ó gòkè. Ó kọjá ibi tí ẹnikẹ́ni tíì gbọ́ ọ dé rí. Èrúnrún igi ń fò lára ayùn bí eṣú. "Mẹ́rìndínláàádóje!" ni Bàbá Sàlàkọ́ ké. Kọ́lápọ̀ fi ọ̀pá sílẹ̀, ó sì rìn kúrò níwájú wíìlì láìwẹ̀yìn.

"Ẹ pa á, Alàájì," ni Ìbítáyọ̀ bẹ̀bẹ̀. Bàbá Sàlàkọ́ ti na ọwọ́ sí ibi tí epo ti ń wọlé.

"Má fọwọ́ kàn án!" ni Alàájì wí. "Ayùn wà nínú igi. Láti ọjọ́ tí mo ti ń la gẹdú, n kò pa ẹ́ńjìnì lórí igi rí." Kò bínú. Ó ti bọ́ agbádá rẹ̀, ó fi lé Kọ́lápọ̀ lọ́wọ́. "Ẹ̀rù ń bà ọ́, kò burú, o níyàwó tó lóyún. Kù díẹ̀ kó jáde. Èmi ni mo ni igi, èmi náà ni yóò tì í yọ." Ó gbá ọ̀pá mú. Ó wo Ìbítáyọ̀, ó sì rẹ́rìn-ín sí i bí ẹni tó ń rẹ ọmọdé lẹ́kún. "Tíṣà, má bẹ̀rù. Ìwọ náà lo kọ ọ́. Ohun tó ti inú ọkàn rẹ tó balẹ̀ wá ni ti ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ti òní yìí, ìjayà ni."

"Alàájì, èyí tí mo kọ ni kò tọ̀nà!"

"Ìwé kì í purọ́, ọmọ mi. Ènìyàn ló ń ṣiyèméjì."

Ẹ́ńjìnì dákẹ́ sórí ẹgbẹ̀ta. Ó wálẹ̀, ó wálẹ̀ gan-an, wọ́n rò pé yóò kú fúnra rẹ̀. Kọ́lápọ̀ pe Alàájì, Bàbá Sàlàkọ́ pe Alàájì. Ó ń tì í lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀, ó ń kọrin wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ìró tún padà dé àárín, jẹ́ẹ́, ó dára gbọ́ létí, Alàájì sì yíjú sí wọn, ó mi orí bí ẹni tó ń sọ pé, ṣé ẹ rí i báyìí?

Ìgbà tó gòkè, kò gòkè pẹ́. Ohun kan já bí ìgbà tí àrá bá sán nínú yàrá. Nígbà tí eruku rọ̀, wíìlì náà ti di méjì, ìdajì rẹ̀ ti gba ara ògiri pákó lọ sínú igbó ẹ̀yìn, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó dúró lẹ́nu ọ̀pá mọ́. Kọ́lápọ̀ sáré lọ. Ó kúnlẹ̀, ó tẹ́ agbádá tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sórí ohun tó bá nílẹ̀, ó sì jókòó tì í.

Bàbá Sàlàkọ́ ló kọ́kọ́ la ẹnu: "Ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ sílé Alàájì ní Ìmọ̀wò kí àwọn ará ọjà tó gbé ìròyìn náà débẹ̀."

"Èmi ni yóò lọ," ni Kọ́lápọ̀ wí. "Ibi tó yẹ kí n wà ló wà."

"Rárá," ni Ìbítáyọ̀ wí. "Ọ̀rọ̀ tèmi ló gbà gbọ́."

Ẹsẹ̀ ló fi rìn ín. Oòrùn mú, àwọn ènìyàn ń kí i, ó ń dáhùn. Ní ẹnu ọ̀nà ilé náà, Mùtíátù, ìyàwó Alàájì, jókòó sórí àpótí, ó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì lórí atẹ. Bó ti rí i, ojú rẹ̀ tàn, ó gbé atẹ sílẹ̀.

"Ẹ ẹ̀, Tíṣà! Ìwọ náà rèé. Ọ̀rọ̀ rẹ la fi sùn, òun la fi jí. Alàájì ní láti ọjọ́ tí ẹ́ńjìnì yẹn ti ń ṣe ségesège, òru ọjọ́ Àbámẹ́ta nìkan lòun sùn dáadáa, pé o ti wò ó kínníkínní, o ní kò sí nǹkan kan. Wọlé, wọlé. Ṣé igi náà ti jáde?"

Ìbítáyọ̀ kò wọlé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku níwájú rẹ̀, kò sì gbé orí sókè.

"Ìyá," ó ní, "nǹkan wà níbẹ̀. Mo wò ó, n kò rí i, mo sì sọ fún wọn pé kò sí."